Ìràwọ̀ Mẹ́ta fún Alágbàfọ̀

Kí n tó wọ yunifásítì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí, n kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìgbà tí mo gboyè tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tí mo kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dìde mọ́, ni àbúrò ìyá mi tó jẹ́ alágbàfọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá.

Iwájú agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnká ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò ní pátákó, kò ní orúkọ. Bí àlejò bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará Ọjà'ba, wọ́n á ní kó máa bọ̀ nísàlẹ̀, ibi tí aṣọ funfun bá ti ń kọ mànà sí i lójú, kó yà síbẹ̀. Ojú aṣọ ni Bọ̀ọ̀dá mọ̀, kò mọ ojú èèyàn. Ó lè pàdé oníbàárà ogún ọdún ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó kó má kí i, àfi bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ẹ̀wù tí onítọ̀hún wọ̀. Nígbà náà ni ẹ̀rín á gba ẹnu rẹ̀: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kọ́là yẹn mà ṣì dúró." Ó ti kọjá lára àna rẹ̀ rí láìkí i, torí pé àna náà ra aṣọ tuntun tí kò tíì gbé wá fọ̀. Ìpàdé ẹbí ló parí ìyẹn.

Kì í kọ orúkọ sára aṣọ. Òwú ló máa ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú ìbàdí ṣòkòtò tàbí sábẹ́ kọ́là: òwú pupa fún Ọ̀ràńyàn, dúdú fún Kúdẹtì, aláwọ̀ ewé fún Ọjà'ba. Iye ìgbà tó bá fà á ló ń sọ ilé tí aṣọ ti wá. Nígbà tí mo gboyè dé, mo ṣàlàyé fún un pé fóònù lè ṣe gbogbo ìyẹn. Ó gba fóònù mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀yìn tiwájú.

"Tí iná rẹ̀ bá kú ńkọ́," ó ní, "ta ló ni ṣòkòtò?"

Mo ṣì ń ronú sí i.

Àmọ́ nǹkan ò rọgbọ fún un lásìkò yẹn. Àwọn ọmọ oníbàárà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún òbí wọn. Ẹ̀rọ náà á máa kùn bí ẹni tí inú ń run, aṣọ tó bá tinú rẹ̀ jáde á sì rí bíi pé màlúù jẹ ẹ́ tó tún pọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó ń tan iná wínníwínní. Obìnrin méjì ló ti ń bá Bọ̀ọ̀dá lọ aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ ti dín kù débi pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń wá lọ́sẹ̀. Bó bá tún fi díẹ̀ dín sí i, kò sí ohun tí yóò kù fún wọn ju kí wọ́n máa lọ sílé, Bọ̀ọ̀dá sì ti sọ fún ìyá mi pé ọjọ́ tí òun bá ní kí wọ́n máa lọ ni òun náà yóò ti ilẹ̀kùn.

Ìyẹn ló mú kí n ràn án lọ́wọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí máàpù inú fóònù, níbi tí àwọn oníbàárà ti lè fi ìràwọ̀ díwọ̀n iṣẹ́ ọlọ́jà, láti orí ẹyọ kan dé orí márùn-ún. Mo fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gùn ju okùn tó ń sá aṣọ sí lọ. Mo ya àwòrán Bọ̀ọ̀dá níbi tó ti lejú, torí pé oòrùn wà lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ na oníbàárà. Lẹ́yìn náà, mo fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo gba fóònù ìyá mi, mo fi tiẹ̀ náà fún un ní márùn-ún, mo sì kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i nídìí. Ẹnì kẹta tó fún wa ní márùn-ún, a ò mọ̀ ọ́n rí. Mo tọpa rẹ̀, mo rí i pé gbogbo nǹkan ló ń fún ní márùn-ún: ilé epo, afárá, títí kan itẹ́ òkú kan. Ó ní ibẹ̀ tutù, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í yọ èèyàn lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ajé kan ni máníjà òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ní apá Ògùnpa wọlé tọ̀ wá. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Yàrá ibẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ náà á sì tó ohun tí àwọn obìnrin méjèèjì yóò fi máa wá lójoojúmọ́. Máníjà náà so táì bíi pé ọ̀tá rẹ̀ ló bá a so ó. Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì jókòó tó fi ń wo àwọn méjèèjì.

"Wọ́n ní ẹ̀ ń fọṣọ dáadáa, sà," ó sọ fún Bọ̀ọ̀dá. "Ṣùgbọ́n àwa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣiṣẹ́. Dátà la máa ń tẹ̀lé."

"Ẹ mú aṣọ kan wá, kí n fọ̀ ọ́ lójú yín."

"Ìyẹn ò sí nínú ìlànà wa, sà. Ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ ni ọ̀gá wa sọ. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a kì í bá a ṣe."

Bọ̀ọ̀dá ń wo kọ́là ọrùn rẹ̀. "Ta ló ń bá yín fọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ó hàn."

Mo tètè na fóònù mi sí máníjà kí ọ̀rọ̀ náà má bàa jìnnà. Ó rí ìràwọ̀ márùn-ún, ó mi orí, ó ní kí a fi bẹ́ẹ̀ dúró títí di Jímọ̀ tí òun yóò padà wá gbé èsì fún ọ̀gá òun. Bó ṣe ń lọ, àwọn obìnrin méjèèjì ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò máa lọ ìrọ̀rí. Èmi gan-an ń rìn bí ẹni tó dá ìlú sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun ni kìnnìún dé.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà kò fi orúkọ sí i. Àwòrán kìnnìún tó wọ gíláàsì dúdú ló wà níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ó kọ ọ́ pé: "Mo gbé ṣòkòtò funfun mi fún alágbàfọ̀ yìí, èyí tí a ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè tí a sì rán an. Ó dá a padà pẹ̀lú àbàwọ́n aláwọ̀ aró ní ìbàdí ọ̀tún, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kí ó lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe." Ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, gbogbo àmì orí lẹ́tà ló pé, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ìpíndọ́gba ìràwọ̀ wa já wálẹ̀ láti márùn-ún sí mẹ́rin.

Èmi tí mo kàwé, mo ti mọ ohun tí à ń ṣe sí irú rẹ̀. Mo kọ èsì Gẹ̀ẹ́sì tó rẹwà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá: pé ó dùn wá nípa ìrírí tí wọ́n ní lọ́dọ̀ wa, pé oníbàárà ṣe iyebíye lójú wa, àti pé a ti ń gbé ìgbésẹ̀.

"Ìgbésẹ̀ lọ síbo?"

"Kò lọ síbì kankan, Bọ̀ọ̀dá. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Èèyàn ní mo ba ṣòkòtò òun jẹ́, o ní kí n jókòó sílé kí n máa gbé ìgbésẹ̀. Ilé rẹ̀ la ń lọ."

"Ẹ ò mọ ẹni tó jẹ́. Kìnnìún ni."

"Kìnnìún kì í wọ ṣòkòtò. Tún un kà fún mi, níbi ẹsẹ̀ yẹn."

Mo tún un kà. Ó di ojú, ó ń fi ìka fa abẹ́rẹ́ tí kò sí níbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. "Òwú dúdú," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀meje. Kúdẹtì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tún sí ẹlòmíì tó ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè mọ́ ní gbogbo Ìbàdàn."

Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí gbé àtẹ sílẹ̀. "Ilé Tíṣà nìyẹn."

Tíṣà ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ìdajì àwọn tó mọ ìwé kà láti Ọ̀ràńyàn dé Kúdẹtì ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ìdajì yòókù sì sá fún un ni. Ẹni tí ó ti tó ọgọ́rin ọdún ni kìnnìún tó wọ gíláàsì dúdú.

Ní agboolé wa, èèyàn kan kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Bí ìwọ nìkan bá lọ, wọ́n á ní o wá rojọ́ ni. Nítorí náà, ìyá mi lọ sọ fún Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé ni kó ṣáájú èrò lọ bẹ̀bẹ̀. Ọkọ tó ṣẹ ìyàwó, àgbẹ̀ tó ṣẹ aládùúgbò oko, gbogbo wọn ló ti bá bẹ̀. Ó ní àṣà kan: kò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ikọ́ ńlá tó ń jẹ́ kí ilé pa rọ́rọ́. Ó ti wọ agbádá tán kí ó tó béèrè ẹni tí à ń lọ bẹ̀.

"Tíṣà ti Kúdẹtì," ìyá mi dá a lóhùn.

"Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà."

Mọ́gàjí wo èékánná ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé padà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun alásárì, a gbéra. Mọ́gàjí ló ṣíwájú, Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ dè, ìyá mi gbé ìbẹ́pẹ ńlá kan àti páálí bisikíìtì, èmi sì gbé fóònù. Ìyá mi ti fún mi ní iṣẹ́ tèmi: kí Tíṣà ṣá ti sọ pé òun ti dárí jì wá, kí n ti fi fóònù lé e lọ́wọ́ kó tó yí ọkàn padà. Ó tún kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kì í rojọ́."

"Mo ti gbọ́, Alájà."

"O ò tíì gbọ́. Mo mọ̀ ọ́."

A bá Tíṣà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbẹ bí igi ìdáná, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bírò aláwọ̀ aró wà lápò àyà rẹ̀, bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi í ṣe àtúnṣe ìwé ìròyìn ọjọ́ náà. Ojú ìwé kìíní ti pọ́n dẹ̀dẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá mi kúnlẹ̀. Mọ́gàjí fa agbádá sókè, ó húkọ́ àkọ́kọ́.

Tíṣà gbójú sókè. "Ìwọ, ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, sà."

"Sọ̀rọ̀ jáde nígbà náà. Gbé orí sókè. Mo mọ ojú yìí. Kíláàsì kẹrin, ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ti wá mọ ìsodipúpọ̀ eéje?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà," ni Mọ́gàjí dáhùn, ṣùgbọ́n ó wo ìyá mi bí ẹni pé kó bá òun rántí rẹ̀ bó bá di dandan. Ọkùnrin tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ní gbogbo Bẹ́yẹrúnká ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ikọ́ kejì àti ìkẹta kò wáyé. Ó sáré sọ ẹ̀bẹ̀ náà bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí: pé ọmọ àwọn ló ṣẹ̀, pé ọwọ́ tó ba iṣẹ́ jẹ́ náà ló ń tún un ṣe, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ojú fò ó, sà. Òun náà sì dọ̀bálẹ̀, ti agbádá ti fìlà.

"Ó dáa. Ẹ dìde," Tíṣà wí. "Mo ti dárí jì í."

Mo na fóònù síwájú. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá wa sọ ìràwọ̀ kan yẹn di márùn-ún, sà."

Tíṣà wo fóònù, ó wo ìbẹ́pẹ, ó wá wo èmi.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi máàkì ìwé. Òbí gbé adìẹ wá, òbí gbé iṣu wá, ẹnì kan mú àgbò wá, àgbò náà sì jẹ rẹ́jísítà kíláàsì karùn-ún. N kò yí máàkì padà rí. Ìdáríjì lọ́tọ̀, máàkì lọ́tọ̀. Ẹ gbé ìbẹ́pẹ yín. Mú fóònù yẹn wá kí n rí i."

Ó gbà á, ó fi ìka fà á sókè sódò bí ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́. Ó débi ìràwọ̀ márùn-ún àkọ́kọ́.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyá mi ni, sà."

Ó yíjú sí ìyá mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Alájà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì yìí?"

"Kí ni mo sọ níbẹ̀?"

"Ẹ ní iṣẹ́ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, pé kò já yín kulẹ̀ rí."

"Irọ́ ni," ìyá mi wí, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Oṣù tó kọjá ló fi áyọ́ọ̀nù jó ìró mi."

"Màgòmágó ìdánwò," Tíṣà wí, ó sì wò mí bíi pé òun ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé. "Pa méjèèjì rẹ́. Báyìí, lójú mi."

Mo pa wọ́n rẹ́. Ìràwọ̀ márùn-ún ti ọ̀rẹ́ itẹ́ òkú àti ẹyọ kan ti kìnnìún ló kù. A ti kúrò ní mẹ́rin, a ti bọ́ sí mẹ́ta, a ò sì tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá mi dìde nígbà tí Tíṣà wọlé lọ mú ṣòkòtò náà jáde. Àbàwọ́n náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ìbàdí ọ̀tún. Bọ̀ọ̀dá gbà á, ojú rẹ̀ sì yí padà bó ṣe máa ń yí tí aṣọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Búlúù tí òun ń lò fún aṣọ funfun, bó ṣe wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà, kì í dúró sójú kan. Gbogbo ara aṣọ ló máa ń bá. Èyí dúró sójú kan. Ó ti ìka bọ àpò ńlá, ó kan àpò kékeré kan nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn baba wa ń fi aago sí. Mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró. Nǹkan kan wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo bírò àyà Tíṣà, ó sì la ẹnu.

Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá pa ẹnu dé. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ sísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí òkèlè tí kò lọ́bẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n tún un fọ̀, sà."

"Ìdáhùn tó tọ́ nìyẹn," Tíṣà wí. "Àtúnṣe ìdánwò. Gbé e wá láàárọ̀ Jímọ̀."

Bí a ṣe ń gòkè bọ̀ láti Kúdẹtì, ọwọ́ Mọ́gàjí ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí a dé Ọjà'ba tí ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ fún un ni ikọ́ rẹ̀ padà sí i lára. Ó húkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kéde pé ẹ̀bẹ̀ náà ti gbà. Mo sọ pé mẹ́rin la gbé lọ, mẹ́ta la gbé bọ̀, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ààbọ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì ń fẹ́.

"Ìwọ lo kàwé," ni ìyá mi fi dá mi lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bọ̀ọ̀dá fa ohun tó wà nínú àpò kékeré náà jáde: inú bírò ni, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, ó ti là sí méjì. Ó kó ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ti àbàwọ́n náà, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó tún padà sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ti ya àwòrán ike náà, mo ti ń ṣètò bí n ó ṣe gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ kìnnìún pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà kí gbogbo ayé lè rí ẹ̀rí.

"Pa á rẹ́," Bọ̀ọ̀dá wí.

"Ẹ ò jẹ̀bi, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀la ni máníjà ń bọ̀."

"A ti bẹ̀bẹ̀ tán. Ṣé kí Mọ́gàjí padà lọ gba ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ni? Àti pé ta ló ní n ò jẹ̀bi? Èmi ni mi ò yẹ àpò yẹn wò."

Àwọn obìnrin méjèèjì ń gbọ́ wa láti ìdí áyọ́ọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ kọ́là kan náà láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bíi pé bó bá gbé e sílẹ̀, kò ní rí òmíràn gbé.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nídìí iṣẹ́ alágbàfọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá ò rú rí: ohun tó bá bá nínú àpò, ọlọ́hun ló ni ín. Ó ti dá owó padà, ó ti dá òrùka padà, ó ti dá eyín àtọwọ́dá odidi ẹnu kan padà rí fún ẹni tó ń wá a láti ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ó fọ ike méjèèjì mọ́, ó wé wọn sínú ọ̀rá funfun, ó fi pínnì kọ́ ọ mọ́ ìbàdí ṣòkòtò. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Láàárọ̀ Jímọ̀, èmi àti Bọ̀ọ̀dá ni a gbé e lọ sí Kúdẹtì. Tíṣà gbé ṣòkòtò náà sókè síwájú oòrùn, ó fi gíláàsì wò ó, ó bọ́ gíláàsì, ó tún un wò. Kò rí àbàwọ́n. Ọ̀rá ló rí. Ó tú u, ó sì kó ike méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́.

"Níbo lo ti rí i?"

"Nínú àpò aago, sà."

"O ti mọ̀ ní Ọjọ́rú."

"Ọwọ́ mi kàn án, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ lọ́jọ́ náà, sà."

Tíṣà yọ bírò inú àpò àyà rẹ̀, ó gbé e sórí àga bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré. "Ẹ máa lọ," ó wí. "Èsì á jáde."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni máníjà dé, ó sì jókòó. Táì rẹ̀ ṣì ń bá a jà. Mo ti ń múra bí n ó ṣe ṣàlàyé ìràwọ̀ mẹ́ta, mo ti rí Gẹ̀ẹ́sì tó gùn tó láti fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti ṣí fóònù tirẹ̀.

"Mẹ́rin ni," ó ní. "Mẹ́rin ààbọ̀ ni a sọ, sà."

Mẹ́rin kẹ̀? Mo yọjú sí i. Kìnnìún ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, bí ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀daràn létí:

"Mo ti rí ohun tó fa àbàwọ́n. Bírò ni. Ẹni méjì ló kùnà: ẹni tó gbàgbé bírò sínú àpò àti ẹni tí kò yẹ àpò wò. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Alágbàfọ̀ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, aṣọ náà mọ́, kò bá mi jiyàn, ó sì dá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà. Ìràwọ̀ mẹ́ta. Ó gbìyànjú. Ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ohùn máníjà ti ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Nígbà tó dé "ó gbìyànjú," ó dìde dúró. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun dìde.

"Ta ló kọ èyí?"

"Bàbá kan ní Kúdẹtì," mo ní.

"Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jókòó padà. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà lábẹ́ wọn. Méjì nínú márùn-ún ni mo máa ń gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gba méjì ààbọ̀ rí, ìyá mi se ìrẹsì fún gbogbo ilé." Ó wo Bọ̀ọ̀dá láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Sà, báwo lẹ ṣe rí mẹ́ta gbà?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni," Bọ̀ọ̀dá dáhùn.

"Ṣùgbọ́n mẹ́ta àti márùn-ún, ìpíndọ́gba wọn kò pé mẹ́rin ààbọ̀," mo wí. Ẹ̀kọ́ mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé áyọ́ọ̀nù sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì wò mí.

Máníjà kò tilẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti ń pe ọ̀gá rẹ̀. Ó rìn lọ sábẹ́ okùn aṣọ, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kíkankíkan, pé òun ti yẹ gbogbo dátà wò fínnífínní, pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi bí ẹni tó ń fúnni ní máàkì ṣe le tó kún un. Ọ̀gá náà fèsì. Máníjà ní, "Rárá, sà, ẹ ò lè mọ̀, ẹ ò lọ síléèwé níbí." Lẹ́yìn náà, ó tẹ́tí sí i, ó mi orí, ó sì padà wá.

"Àárọ̀ ọ̀la ni ẹrù àkọ́kọ́ ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni a ó máa gbé e wá, títí kan ọjọ́ Àìkú."

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí àwọn obìnrin rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Ojoojúmọ́."

Ọ̀kan ti ń nu ojú, ó ní èéfín èédú ni. Èkejì to gbogbo áyọ́ọ̀nù sórí tábìlì, ó kà wọ́n, ó sì ṣírò ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

"Ojoojúmọ́," ó ní. "Ìgbà wo la wá fẹ́ máa fọ aṣọ tiwa nílé?"

"Ẹ kó o wá," Bọ̀ọ̀dá wí. "Àwa náà ń fọṣọ."